Ọmọ Ajá Tó Yàgbẹ́ Sẹ́nu Ọ̀nà Ifá: Ta Ló Jẹ̀bi?



Ọ̀rọ̀ òní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lójú. Ọ̀rọ̀ imí ajá ni. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ó ti gba oorun lójú mi, ó sì ti mú kí n bẹ ẹnìkan tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mo ṣẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọdẹ fún mi ní ọmọ ajá kan, akọ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù méjì. Ní Ìjurìn wa níbí, láyé àtijọ́, ta ló ń kọ́ ajá ní ibi tí yóò yàgbẹ́ sí? Àgbàlá ni ajá ń sùn, ilẹ̀ erùpẹ̀ ni, bí nǹkan bá sì ń gbọ̀n ọ́n, igbó kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ilẹ̀ ilé mi ti di simẹ́ńtì, a ti fi irin sí ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn sì ń tètè tì lálẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé ní Èkìtì àti Oǹdó tiwa yìí, àwọn tó fẹ́ràn ẹran ajá kò kéré. Ọmọ ajá tó bá sùn síta lè di ọbẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Torí náà, inú ilé ni mo ń tì í mọ́ lóru. Mo sọ ọ́ ní Fojúsílẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í déédé sọ ajá lórúkọ. Òwe là ń pa ránṣẹ́ sí ará àdúgbò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ awo kan, mo jí láti lọ kí Ifá. Obì àti omi tútù wà lọ́wọ́ mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ mọ̀. Imí ajá ni, ní ẹnu ọ̀nà yàrá Ifá gan-an. Inú bí mi. Mo wá ọmọ ajá náà lọ sábẹ́ àga, mo fi ọrùn fà á jáde, mo ti imú rẹ̀ bọ inú ohun tó ṣe, mo sì fi ìgbálẹ̀ nà án. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é fún ajá tirẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo ṣe tán, ó lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ká ìrù sábẹ́ ikùn, kò lè wo ojú mi. Mo sọ fún ìyàwó mi pé, “Ṣé o rí i? Ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi.”

Láti ọjọ́ náà, imí kò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ti wọlé. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ẹ̀yìn àwọn àpò kòkó mi. Ibẹ̀ ló ti sọ di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́. Bí mo bá mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á jókòó, á máa wò mí. Yóò wò mí títí, kò ní tọ̀. Bí a bá wọlé báyìí, tí mo yíjú, ó di ẹ̀yìn àpò kòkó. Ó rú mi lójú títí mo fi lóye rẹ̀. Ohun tí mo kọ́ ọ kì í ṣe “má yàgbẹ́ sínú ilé.” Ohun tí mo kọ́ ọ ni “má jẹ́ kí Bàbá rí ọ.”

Ìbéèrè mi nìyí, ẹ bá mi dá sí i: ẹni tí a kò tíì kọ́, ṣé a lè dá a lẹ́bi? Bí a bá sì nà án, kí ni ẹgba náà ń kọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ “ó mọ̀ pé òun jẹ̀bi” yẹn wò. Ní 2009, onímọ̀ kan ní New York, Alexandra Horowitz, tẹ ìwádìí kan jáde tó ṣe lórí ajá 14. Ẹni tó ni ajá á fi oúnjẹ hàn án, á kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́, á sì jáde. Ìgbà mìíràn ajá á jẹ ẹ́, ìgbà mìíràn kò ní rí i jẹ. Ṣùgbọ́n bí olúwa rẹ̀ bá padà wọlé, ohun tí wọ́n máa sọ fún un lè yàtọ̀ sí ohun tó ṣẹlẹ̀, tó fi jẹ́ pé wọ́n bá ajá aláìṣẹ̀ wí nígbà mìíràn. Kí ni obìnrin náà rí? Ojú ẹ̀bi yẹn kò tẹ̀lé ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ìbáwí ló ń tẹ̀lé. Ajá tí kò fẹnu kan nǹkan kan, tí wọ́n sì jágbe mọ́, tiẹ̀ tún máa ń tẹrí ba ju èyí tó jẹ ẹ́ lọ. Ìbẹ̀rù ni mo rí lójú Fojúsílẹ̀ ní òwúrọ̀ yẹn. Èmi ni mo kọ “ẹ̀bi” sí i lójú.

Ẹ wá wo bí Olódùmarè ṣe dá a. Ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ló máa ń fi ahọ́n lá a nídìí kó tó lè tọ̀, ìyá náà ló sì ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bó bá ti lè rìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò níbi tó ń sùn kó tó ṣe é. Ẹ rí i pé ó mú ìmọ́tótó wá láti ọ̀run. Ẹnìkan kò kọ́ ọ. Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí ilé ènìyàn pin sí. Lójú tirẹ̀, igun tó ń sùn ni ilé. Ìyókù yàrá mi, oko ni. Ẹ tún wo ara rẹ̀: ọmọ ajá oṣù méjì, bíi wákàtí 2 tàbí 3 ló lè mú un mọ́ra. Èmi ń tì í mọ́lé láti agogo 9 alẹ́ di agogo 6 àárọ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Ibi tí mo dé nínú ìrònú yìí ni ìtàn Ìwà ti sọ sí mi lọ́kàn. Gbogbo awo ló mọ Ìwà, ìyàwó Ọ̀rúnmìlà; Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá sì kọ nípa rẹ̀ ní 1975 nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìwàpẹ̀lẹ́. Ẹnu ara mi ni n ó fi sọ ọ́. Ìwà rẹwà, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ nínú ilé kò dára. Ọ̀rúnmìlà kò lè fara dà á, ló bá lé e jáde. Ìgbà tó lọ tán ni ilé wá dá páropáro. Àwọn tó ń wá dífá kò wá mọ́, owó lọ, iyì lọ. Ọ̀rúnmìlà bá bọ́ sọ́nà, ó ń wá a kiri. Ó dé ilé Alárá, ó dé ilé Ajerò. Ẹ̀yin ará ìwọ̀ oòrùn Èkìtì, ẹ gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ: Alárá ti Arámọkọ, Ajerò ti Ìjerò. Ojú ọ̀nà tiwa níbí ló ń tọ̀, tó ń bèèrè obìnrin tó fọwọ́ ara rẹ̀ lé jáde.

Orúkọ bàbá Ìwà ńkọ́? Sùúrù ni. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, mo rò pé Ìwà ni ìtàn náà ń bá wí, pé kí obìnrin má dọ̀tí. Ní báyìí tí irun mi ti funfun, mo rí i pé ọkọ rẹ̀ gan-an ló ń bá wí. Ó fẹ́ ọmọ Sùúrù, ṣùgbọ́n kò fẹ́ Sùúrù ní àna.

Ẹnìkan á ní, “Awo, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Orí tó yàn wá nìyẹn.” Mo gbé òwe yìí lọ bá ọ̀rẹ́ mi ọdẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti kékeré ni òun ti ń fọn fèrè fún ọmọ ajá, ní gbogbo ìgbà tí òun bá fẹ́ fún un lóúnjẹ, kó tó di pé ó fẹsẹ̀ kan igbó. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ti fi ẹnu fèrè bọ́ ajá nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti pa òwe yẹn. Ẹni tí kò fọn fèrè rí, kí ló fẹ́ kí ajá gbọ́?

Ó kù ọ̀rọ̀ kan tí n kò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n bí mi ò bá sọ ọ́, irọ́ ni gbogbo èyí tí mo ti kọ.

Ní ìsinmi tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún méje, wá lò ó lọ́dọ̀ wa láti Adó. Ó ń tọ̀ọ́lé. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ará ilé gbé ẹní rẹ̀ lé e lórí, wọ́n ní kó máa gbé e yí àdúgbò ká, àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e. Mo jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wò. Mi ò sọ nǹkan kan. Èmi! Èmi tí wọ́n so ọ̀pọ̀lọ́ mọ́ nídìí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí mo sì tún tọ̀ọ́lé fún ọdún méjì gbáko lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀lọ́ kọ́ mi ni kí n máa jí lóru kí n yí ẹní padà, kí n sì máa purọ́ pé omi ló dà sí i. Ẹ̀yìn àpò kòkó tèmi nìyẹn. Ara ọmọ mìíràn ni kì í tètè gbó, ó sì máa ń bá ìdílé rìn. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ náà ti jogún rẹ̀, èmi ni mo sì jókòó tí mo ń wòran. Nígbà tó padà sí Adó, ìyá rẹ̀ ní kò fẹ́ kí wọ́n dárúkọ Ìjurìn sétí òun.

Ṣé ohun tí mo wá ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó ń jẹ̀bi láyé? Rárá o. Ifá ní èèwọ̀, ó sì ní ìbáwí. Bí a kò bá bá ọmọ wí, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú ẹgba. Ṣé ó mọ̀ ọ́n? Ṣé ara rẹ̀ lè ṣe é? Ṣé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún un? Àgbà tó ní ṣáláńgá lẹ́yìnkùlé, tí ara rẹ̀ le, tó mọ̀ pé odò ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ń mu, tó wá lọ ń ṣu sétí odò ní ìdájí, ìyẹn jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kó sanwó ìtanràn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn wolé-wolé ayé òyìnbó. Wọ́n ń wo ilé, wọ́n ń wo ìkòkò omi, wọ́n ń pe àwọn ìyá wa lẹ́jọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2019 náà, Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí ìyàgbẹ́ síta dópin ní Nàìjíríà kó tó di òpin 2025. Àṣẹ náà dára. Àmọ́ aláìní tí kò ní ṣáláńgá, tí ẹ̀rọ omi àdúgbò rẹ̀ kò sun, ìbéèrè kẹta ń dúró dè é. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí ọ̀nà fún un ná, ká tó gbé e lọ sílé ẹjọ́.

Kí ni mo wá ṣe fún ọmọ ajá? Mo gbé ìgbálẹ̀ jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bó bá ti jí, a ti jáde. Bó bá jẹun tán, a ti jáde. Bó bá ṣeré tán, bó bá fẹ́ sùn, a ti jáde, ibì kan náà ní gbogbo ìgbà, lẹ́bàá ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ń jí lẹ́ẹ̀mejì lóru. Bó bá ṣe é síbẹ̀, lójú ẹsẹ̀ ni mo ń yìn ín tí mo sì ń fún un ní èérún ẹja gbígbẹ; bí ìyìn bá pẹ́, kò ní mọ ohun tó ṣe tí a fi yìn ín. Bó bá ṣe é sínú ilé tí ojú mi kò tó o, ma fọ̀ ọ́ dáadáa pẹ̀lú ọṣẹ kí òórùn rẹ̀ má baà pè é padà, ma sì pa ẹnu mi mọ́. Èyí tó bá ṣe síta, mo ń bò ó mọ́lẹ̀, torí ẹyin aràn inú imí ajá lè ran ọmọdé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò gbà láti tọ̀ níṣojú mi. Mo ní láti kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ wo àgbà awo tó dúró nínú ìrì, tó kọ ẹ̀yìn sí ajá, tó ń retí ìtọ̀! Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Fojúsílẹ̀ tí mo sọ ọ́, kì í ṣe ará àdúgbò ni òwe náà ń bá wí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo pe ọmọ ọmọ mi lórí fóònù. Mo ní, “Ọkọ mi, ohun tí wọ́n ṣe fún ọ nílé wa kò dára, mo rí i, mi ò gbà ọ́. Má bínú sí bàbá rẹ àgbà.” Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Bàbá, ṣé ajá yẹn ṣì ń tọ̀ sílé?” Mo ní, “Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí òjò bá pọ̀ lóru.” Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án o.”

Ó ní òun máa wá nígbà ìsinmi tó ń bọ̀. Mo ti ra ọ̀rá tí a ó tẹ́ sábẹ́ ẹní rẹ̀, póò sì ti wà ní yàrá.

Kí Ifá má jẹ́ ká lé Ìwà jáde nílé wa. Kó jẹ́ ká lè bá bàbá rẹ̀ gbé. Àṣẹ.