Ní Lọ́kọ́ja, Níbi Tí Odò Méjì Ti Pàdé

Omi Bẹ́núé kì í tètè dà pọ̀ mọ́ Odò Ọya. Wọ́n á máa ṣàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọ̀ wọn kò dọ́gba, bí orogún méjì tí ń bá ara wọn lọ sọ́jà láìsọ̀rọ̀. Mo dúró lábẹ́ igi létí omi, òórùn ẹja yíyan ń fẹ́ sí mi. Omi tí mo ń wò ti kọjá kí n tó rò ó tán. Kí wá ni mo ń pè ní odò?

Ní 1841, àwọn òyìnbó tukọ̀ dé agbègbè yìí, Àjàyí Crowther bá wọn wá. Wọ́n dá oko sítòsí ìpàdé odò, wọ́n rò pé irè oko yóò rọ́pò òwò ẹrú. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún kejì, wọ́n pa oko náà tì. Ẹni tó gbin irúgbìn níbẹ̀ ṣáà ti ń retí òjò.

Mo rìn wọ àárín ìlú, dé ọgbà ilé-ìwé tí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865. Irin méjì dúró níbẹ̀. Wọ́n ní ẹrú tó bá ti gba àárín wọn kọjá ti di òmìnira. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan. Oòrùn ti mú un gbóná. Ìṣísẹ̀ mélòó ló wà láàárín ẹrú àti ẹni òmìnira? Báwo ni ẹsẹ̀ onítọ̀hún ti rí lára rẹ̀ nígbà tó kàn án láti gbé e?

Àwọn òyìnbó ní itẹ́ òkú tiwọn nílùú yìí. Àwọn ọba Àríwá tí òyìnbó yọ lóyè, tí wọ́n sì kó wá síhìn-ín, náà kú síhìn-ín. Aliyu ọba Kánò wà lára wọn. Ilẹ̀ kan náà ló gba aṣẹ́gun àti ẹni tí a ṣẹ́gun. Mo fi ìka tọ orúkọ kan lórí òkúta. Òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́.

Àwọn tó gba àárín irin kọjá ńkọ́? N kò rí òkúta kankan tó dárúkọ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́, wọ́n bí, ọmọ wọn náà bímọ. Bóyá ìyá tí ń to ẹja gbígbẹ sórí àtẹ, tí mo kí lójú títì, ọmọ ọmọ ọ̀kan nínú wọn ni. Orúkọ tèmi náà yóò pa rẹ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu jùyẹn lọ ni pé, nínú gbogbo ọdún tí odò yìí ti ń ṣàn, ìwọ̀nba díẹ̀ yìí bọ́ sí mi lọ́wọ́, tí mo lè kí ènìyàn, kí ó sì dá mi lóhùn.