Baálẹ̀ ti gbà: ẹ̀yin ńkọ́?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jẹ́ ká jọ ro ọ̀rọ̀ kan.

Ká ní àlejò kan dé sí Kpoulou. Ó kí baálẹ̀, baálẹ̀ sì gbà á. Ó wá wọ ilé yín, ó ní kí ẹ tẹ̀ka sórí ìwé kan. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: “Ìyá, ṣé ẹ ń rí oorun sùn lóru? Ṣé ó ti ṣe yín rí bíi kí ẹ kú?” Irú ìbéèrè tí àwọn tó ń wádìí ọkàn ènìyàn máa ń béèrè nìyẹn. Ṣé torí pé baálẹ̀ ti gbà, ó di dandan kí ẹ dáhùn?

Ìwádìí fúnra rẹ̀ kò burú. Ní ọdún 1992, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àrùn ìgbàgbé. Ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n bá àgbà 2494 sọ̀rọ̀, ẹni ọdún 65 sókè. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé. Nítorí náà, wọ́n lo ìbéèrè tí kò gba ìwé kíkà, kí a má baà pe ẹni tí kò lọ sí ilé-ìwé ní ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra. Ní ọdún 2001, wọ́n jẹ́ ká mọ̀ pé àrùn náà kò mú àwọn ará Ìbàdàn tó bó ṣe ń mú àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Ẹnu àwọn àgbà la ti rí ìmọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe irinṣẹ́. Ọkọ́ kò lè sọ pé ó rẹ òun. Ènìyàn lè sọ ọ́. Baálẹ̀ lè ṣí ẹnu ọ̀nà ìlú. Baálé lè ṣí ilẹ̀kùn ilé. Ẹni tó ni inú nìkan ló lè ṣí inú rẹ̀.

Àwọn kan á ní àfojúdi ni kí a kọ̀. Rárá o. Bí àṣírí yín bá tú lọ́jà, ojú ta ni yóò tì? Kì í ṣe ojú baálẹ̀. Ẹ̀bùn ọṣẹ tàbí owó kékeré kò sì gbọdọ̀ ra ẹnu ẹni tí ebi ń pa.

Nítorí náà, ẹ béèrè:
1. Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe?
2. Ta ni yóò gbọ́ ọ?
3. Bí ìbéèrè yín bá bà mí nínú jẹ́, ta ni yóò ràn mí lọ́wọ́?
4. Ṣé mo lè dá a dúró nígbà tó bá wù mí, láìsí ìyà?

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, òfin 2010-40 ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2010 sọ ìwà tó yẹ nínú ìwádìí ìlera. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé bá dé iwájú yín, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí: ẹ kà á kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ èdè Faransé ni, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Nàgó. Abéèrè kì í ṣìnà.