Ìlú Kékeré Tí Olúwa Gbé



Ẹni tí ó bá ń gbé ìlú kékeré mọ bí ó ti rí. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, gbogbo rẹ̀ a dákẹ́ rọ́rọ́. Bí àlejò bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, kí ó tó dé ilé tí ó ń lọ, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ a máa lọ sí Èkó àti Ìbàdàn. Àwọn tí ó kù nílé a sì máa bi ara wọn pé: Ǹjẹ́ Ọlọ́run rántí irú ibí yìí?

Ẹ jẹ́ kí a wo Násárẹ́tì. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kan nínú Májẹ̀mú Láéláé. Lónìí, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ ju 70,000 lọ. Ṣùgbọ́n ní ayé Olúwa wa, abúlé kékeré ni. Nàtáníẹ́lì tilẹ̀ bèèrè bóyá ohun rere kan lè ti ibẹ̀ jáde. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni Ọmọ Ọlọ́run ti lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú nǹkan bí 30 ọdún, tí ó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, tí ó sì ń gbọ́ràn sí Màríà àti Jósẹ́fù lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Ìdákẹ́jẹ́ ìlú kì í ṣe ìwà mímọ́. Nígbà tí Jésù padà dé Násárẹ́tì láti kọ́ wọn, àwọn ará ìlú rẹ̀ ní àwọn mọ ìyá rẹ̀, àwọn sì mọ iṣẹ́ káfíńtà rẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n tán. Nítorí náà wọn kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fà á lọ sí etí òkè láti tì í ṣubú.

Ẹ̀ṣẹ̀ yìí sún mọ́ àwa ará ìlú kékeré. Bí ẹnìkan bá jalè ní 20 ọdún sẹ́yìn, tí ó ronú pìwà dà, tí ó jẹ́wọ́, tí Ọlọ́run sì dárí jì í, àwa kò tí ì dárí jì í. Orúkọ burúkú ìgbà náà ni a ṣì fi ń pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ní ìlú ńlá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣí lọ sí àdúgbò mìíràn. Níhìn-ín, níbo ni yóò gbà? Ọ̀nà ọjà kan ṣoṣo ni a ní.

Ars ní ilẹ̀ Faransé kéré pẹ̀lú: nǹkan bí 230 ènìyàn ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí Jóòhánù Mímọ́ Vianney dé gẹ́gẹ́ bí alúfáà ní 1818. Ó gbàdúrà níwájú Sakramẹ́ntì Mímọ́, ó bẹ àwọn agbo ilé wò, ó sì jókòó pẹ́ láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kí ó tó kú ní 1859, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn lọ́dọọdún, nítorí pé ní abúlé náà, ẹlẹ́ṣẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé ọ̀tun.

Àwọn àgbà wí pé, bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wa rántí ẹni tí ó ń yà fún lọ́nà. Kí ó lọ kí i nínú ilé rẹ̀, kí ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀ tó bá wa lórí eékún níwájú pẹpẹ kan náà.

Kí Ìdílé Mímọ́ ti Násárẹ́tì bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.