Ọtí Tí Ó Wọ Aṣọ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo gba ara mi àti ẹ̀yin náà ní ìyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé Amẹ́ríkà níhìn-ín ni ó ní ọmọ ní yunifásítì. A ń bá wọn wọ aṣọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ wọn, a sì ń bá wọn yọ̀ bí ó bá borí. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n ohun kan ń gba ẹnu ọ̀nà ìfẹ́ yìí wọlé.

Ìpínlẹ̀ Kentucky ni ibùjókòó ọtí bourbon, ọtí líle tí wọ́n ń fi àgbàdo pọn. Níbẹ̀ kan náà ni àwọn ènìyàn ti fẹ́ràn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti Yunifásítì Kentucky bí ọmọ bíbí inú. Ìda pupa ni ilé-iṣẹ́ Maker's Mark fi ń dí ẹnu ìgò ọtí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣe àwọn ìgò ìrántí tí ó ní ìda búlúù, àwọ̀ ẹgbẹ́ náà, àwọn ènìyàn sì ń tò wọ́n sórí pẹpẹ bí ohun iyì. Ní ọdún 2019, Beam Suntory, tí ó ni Maker's Mark, ta yunifásítì yìí lọ́rẹ mílíọ̀nù 5 dọ́là láti dá ilé ìmọ̀ nípa ọtí sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ Southeastern Conference, tí ẹgbẹ́ Kentucky wà nínú rẹ̀, gba àwọn yunifásítì rẹ̀ láyè láti máa ta bíà àti wáìnì fún gbogbo òǹwòran ní pápá ìṣeré.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Láti ìgbà òfin ọdún 1984 ni ọjọ́ orí ọtí rírà ti di 21 káàkiri Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ ń wọ yunifásítì ní ọdún 18. Òfin dí i lọ́wọ́ kí ó má ra ọtí. Kò dí i lójú kí ó má fẹ́ràn ìgò. Ìfẹ́ ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ọtí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹnìkan lè wí pé: "Èmi kì í mu ún. Orí pẹpẹ ni mo fẹ́ gbé e sí, bẹ́ẹ̀ owó ọlọ́tí ń ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́." Ẹ gbọ́ o. Ní ayé àìmọ̀kan, àwọn Lárúbáwá a máa ta tẹ́tẹ́ lórí ẹran ràkúnmí, wọn a sì pín ẹran náà fún àwọn aláìní. Nínú Súrátùl Bákárà, áyà 219, Ọlọ́hun kò sọ pé ọtí àti tẹ́tẹ́ kò ní àǹfààní kankan. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ wọn ju àǹfààní wọn lọ. Nínú Súrátùl Máídà, áyà 90, Ó pa á láṣẹ kí a jìnnà sí wọn. Nítorí náà, ọrẹ kò sọ ọtí di hàláálì. Ànábì wa kò sì fi ègún mọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń mu ọtí: ẹni tí ń tà á, ẹni tí ń rà á àti ẹni tí ń gbé e wà níbẹ̀. Ẹni tí ó rà á sórí pẹpẹ, ó ti rà á.

Ẹ bá àwọn ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé. Ẹ sọ ìdí fún wọn, ẹ má kàn pàṣẹ. Bí ẹnìkan níbi iṣẹ́ bá fi irú ìgò bẹ́ẹ̀ ta yín lọ́rẹ, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a padà. Bí ọmọ kan bá sì ti ṣubú sínú rẹ̀, ẹ má lé e jáde. Ẹni tí a lé nílé, ilé ọtí ni yóò gbà á. Ilẹ̀kùn ìrònúpìwàdà ṣì wà ní ṣíṣí.

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwọn ọmọ wa níbi tí ojú wa kò tó. Mo ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀ fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Òun ni Aláforíjìn, Aláàánú.