Ojú Tó Fi Wò Ó Ni

“Einstein gan-an sọ pé ibi téèyàn bá dúró sí ni òótọ́ tirẹ̀ wà.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í jìnnà sẹ́nu àwa tá a kàwé díẹ̀. A jẹ gbèsè, ẹni tó yá wa lówó bínú, a ní ojú tó fi wò ó ni. A já ọ̀rẹ́ kulẹ̀, ojú tó fi wò ó náà ni. Àwa tá a ń kọ software jẹun ò gbẹ́yìn: bí app tá a kọ bá daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, èsì wa ni pé lórí kọ̀ǹpútà tiwa, ó ń ṣiṣẹ́.

Kí ni Einstein sọ ní 1905? Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun nìkan ló dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin láti Èkó sí Ìbàdàn lè ní òun ò mira, igi ẹ̀bá ọ̀nà ló ń sá sẹ́yìn. Kò purọ́, bí ọkọ̀ náà bá ṣáà ń lọ tààrà, tí ìyára rẹ̀ ò yí padà.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ti muon. Ó jẹ́ nǹkan bíńtín tí ìtànṣán láti gbalasa òfuurufú máa ń bí sókè lọ́hùn-ún, ní nǹkan bíi kìlómítà 15 sílẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ ò gùn rárá: ìdá 2.2 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan ni, ní ìpíndọ́gba. Bó bá tiẹ̀ sáré bí ìmọ́lẹ̀, mítà 660 ló yẹ kó rìn kó tó kú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń dé ilẹ̀. Àwa tá a wà nílẹ̀ á ní aago rẹ̀ ló ń falẹ̀. Ká ní muon lè sọ̀rọ̀, á ní aago òun pé, ọ̀nà yín ló kúrú. Àlàyé méjì rèé. Ṣùgbọ́n dídé tó dé, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ìyàtọ̀ ìwòye gan-an ní ìṣirò tirẹ̀. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì kan bá fi 0.6 ìyára ìmọ́lẹ̀ kọjá lọ́dọ̀ wa, tó sì yin òmíràn síwájú ní 0.6 sí ara rẹ̀, a ò ní rí 1.2, 0.88 la máa rí. Àwọn onímọ̀ físíìsì wá ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní rapidity. Tí 0.6 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.69, ẹ rò ó pọ̀, ó di 1.39, ìyẹn sì ni ti 0.88 gẹ́lẹ́. Ẹni yòówù kó máa wò wọ́n láti ojú ọ̀nà kan náà, àlàfo rapidity tó wà láàárín wọn kì í yí padà.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pe Einstein lẹ́lẹ́rìí, kó kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnì kejì rí, débi tí onítọ̀hún á fi ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwa kì í ṣe ìyẹn.

Ìjà èèyàn ò rọrùn tó muon, a mọ̀. Kò sí ìṣirò tá a lè fi gbé ìrora ọ̀rẹ́ tá a já kulẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, àfi ká bi í. Ti gbèsè yẹn wá ńkọ́? Ọjọ́ lè ti pẹ́ lójú ẹni tó yá wa lówó, kó má tíì pẹ́ lójú tiwa. Àmọ́ owó ọ̀hún ò tíì dé ọwọ́ rẹ̀.