Àgbà Tó Dúró Nígun

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú gbọ̀ngàn ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ni òwe yìí ti wúlò jù, nítorí orí gan-an ni alátakò ń wá níbẹ̀. Bí àdúgbò kan bá kọ́ irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbé àwòrán àwọn akọni wọn kọ́ sára ògiri, kò burú: yin-ni-yin-ni, kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ni ọmọ tó ń wo àwòrán ń rí. Kì í rí àgbà tó dúró nígun, aṣọ ìnura léjìká.

Ní ọdún 1957, Hogan Bassey, ọmọ Calabar, na Cherif Hamia ní Paris, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé. Davey Moore, ará Amẹ́ríkà, ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1959. Ní oṣù Kẹta ọdún 1963, Moore bá Sugar Ramos jà ní Los Angeles. Ìpele kẹwàá ti parí kí wọ́n tó dá ìjà náà dúró. Moore bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ tán, ó dákú. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ, ó kú. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, kojú Gene Fullmer, ará Amẹ́ríkà, ní Liberty Stadium, Ìbàdàn. Nígbà tí ìpele keje parí, àwọn tó wà nígun Fullmer ní ó tó gẹ́ẹ́. Fullmer kò jà mọ́ títí ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tó ẹni ọdún 83 kó tó kú.

Amọ̀jà-mọ̀sá ni akínkanjú. Akínkanjú tó mọ̀jà tí kò mọ̀sá ní í bógun lọ. Nítorí náà, ẹsẹ̀ ló yẹ kí ọmọ kọ́kọ́ kọ́: bí a ṣe ń dúró, bí a ṣe ń yẹ̀, bí a ṣe ń fi àgbọ̀n pamọ́ sẹ́yìn èjìká. Kó fo okùn, kó na àpò yanrìn, kó tó dojú kọ ènìyàn. Bó bá tó àkókò ìdánrawò, ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ orí àti ìwọ̀n ara ni ká fi kò ó. Akoto ìdáàbòbò lè má jẹ́ kí ojú ya, kò ní kí ọpọlọ má mì. Ọmọ tí ẹ̀ṣẹ́ bá sì gbé ṣubú tó dákú, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí, kó sì sinmi fún oṣù kan, ó kéré tán, bó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé ara òun ti le.

Níbi dídá ìjà dúró ni iṣẹ́ ti le fún kóòṣì. Èrò ń hó, onígbọ̀wọ́ ti náwó, ọmọ fúnra rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n pe òun lójo. Àgbà tó bá ju aṣọ ìnura sílẹ̀ láti fi dá ìjà dúró lákòókò yẹn yóò jẹ èébú, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbé àwòrán rẹ̀ kọ́.

Ìwọ òbí tó fẹ́ fi ọmọ rẹ sí gbọ̀ngàn ẹ̀ṣẹ́, má bi kóòṣì pé bẹ́líìtì mélòó lọmọ rẹ̀ gbà. Bi í pé ìjà wo ló dá dúró kẹ́yìn. Bí kò bá rántí ọ̀kankan, fa ọmọ rẹ lọ́wọ́, kí ẹ máa lọ sílé.