OJÚ ỌMỌṢẸ́ KÌ Í SÙN

Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí, ó sì kan ọ̀pọ̀ nínú wa, pàápàá àwa tí ilé wa wà ní Mushin àti agbègbè rẹ̀. Bí ọmọ kan bá kọ́ ìwà burúkú nípa wíwo ẹni tí ó jù ú lọ, ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀? Ṣé ẹni tí ó wò ni, àbí ẹni tí wọ́n wò?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ọjà Ládìpọ̀. Kò sí ẹni tó ní mọ́tò ní Èkó tí kò mọ ibẹ̀. Ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni, lẹ́bàá títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, ó sì wà lára àwọn tó tóbi jù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ́ńjìnnì, iná, ilẹ̀kùn, bọ́ńpà, tuntun àti tòkunbọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọjà náà sì tún jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ńlá. Àwọn ọmọ Ìbò, tí wọ́n pọ̀ gan-an nínú àwọn ọlọ́jà ibẹ̀, ní ètò tiwọn: ọmọkùnrin á wá gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, á sìn ín fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje láìgba owó oṣù, nígbà tó bá sì parí, ọ̀gá á fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Ní ti àwọn Yorùbá tí ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì tàbí rewáyà, òbí a máa san owó iṣẹ́, ọmọ á kọ́ ọ títí, wọn á sì ṣe fírídọ̀mù fún un.

Ètò méjèèjì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ojú ni wọ́n fi ń kọ́ni nínú méjèèjì. Ta ló ti rí ọ̀gá mẹkáníìkì tó mú ṣọ́ọ̀kì, tó ń kọ ọ́ sára pátákó bí wọ́n ṣe ń tú kábúrẹ́tọ̀? "Mú sípánà wá! Di tọ́ọ̀ṣì yẹn mú dáadáa!" ni ọmọ ń gbọ́. Á dúró, á máa wò. Ní ọdún àkọ́kọ́, bóyá kò ní ṣe ju kó máa fi pẹtiróòlù fọ páàtì lọ. Ọjọ́ kan ni ọ̀gá á ní kí ó tú pọ́lọ́ọ̀gì, yóò sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé ọwọ́ òun ti mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ojú kan náà ni ọmọ yìí fi ń wò nígbà tí oníbàárà bá bèèrè pé ṣé ojúlówó ni páàtì yìí, tí ọ̀gá sì búra pé ojúlówó ni, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà gan-an ni wọ́n ní kó tún un dì sínú páálí tuntun láàárọ̀. Ó ń wo bí ọ̀gá ṣe ń bínú. Ó ń wò ó nígbà tí wọ́n bá pe ìrun Àsárì, bóyá ọ̀gá á fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni o, bóyá á ní "ẹ jẹ́ ká parí eléyìí ná." Kò sí bí ọ̀gá ṣe lè sọ fún ọmọ pé kí ó lajú sí iṣẹ́, kí ó sì dijú sí ìyókù. A kò sọ pé gbogbo ọ̀gá ló ń purọ́ o. Olóòótọ́ wà níbẹ̀, àwọn tí yóò sọ fún ọ láìfi pa mọ́ pé, "Tòkunbọ̀ ni eléyìí, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un." Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn náà ń wò.

Ọ̀mọ̀wé Albert Bandura, tí wọ́n bí ní Kánádà ní 1925, tó sì kú ní 2021, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Nínú èyí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1961, ọmọ kéékèèké 72 ni wọ́n lò. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan wo àgbàlagbà tó ń lu bèbí ńlá tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ bèbí, púpọ̀ nínú àwọn tó rí i lù ú bí àgbà náà ṣe lù ú, wọ́n tilẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ tí ó sọ.

Kò sí ìyá kan ní Mushin tí èyí máa yà lẹ́nu. Èyí tó bà wá lẹ́rù ni ti 1965. Inú fíìmù ni àgbà náà wà lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ kan rí i pé wọ́n yìn ín, àwọn kan rí i pé wọ́n bá a wí. Àwọn tó rí ìbáwí kò fi bẹ́ẹ̀ fara wé e, èèyàn ì bá sì rò pé wọn kò kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣèlérí ẹ̀bùn fún gbogbo wọn pé kí wọ́n ṣe ohun tí wọ́n rí, ọgbọọgba ni wọ́n ṣe é. Ó ti wà nínú wọn, ó kàn ń retí ọjọ́ tí èrè yóò wà nídìí rẹ̀ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó dákẹ́ nígbà tí ọ̀gá ń búra èké, tó tilẹ̀ fajú ro, àwọn òbí rẹ̀ lè máa rò pé kò ràn án. Ọjọ́ tó bá gba fírídọ̀mù, tí owó ilé ń lé e kiri, tí oníbàárà sì dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ọjọ́ náà ni a ó mọ ohun tó kọ́.

Àwọn àgbà ní àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló so àgùntàn mọ́ ajá? Ọmọ kò yan ọ̀gá fúnra rẹ̀. Bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ló mú un lọ, ohun tí wọ́n sì sábà ń bèèrè kò ju pé ṣé ọ̀gá yìí mọṣẹ́, àti pé eélòó ni owó iṣẹ́.

Síbẹ̀, a kò dá ọmọ náà láre títí ayé. Ọmọ méjì a máa wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, kí ọ̀kan di òpùrọ́, kí èkejì sì sọ pé òun kò ní ṣe bíi ti ọ̀gá òun láé. Haadisi tó wà nínú ìwé Muslim ti yanjú rẹ̀ fún wa: ẹni tó dá àṣà burúkú sílẹ̀ yóò ru tirẹ̀ àti irú ti àwọn tó tẹ̀lé e, tiwọn kò sì ní tìtorí rẹ̀ dínkù. Nítorí náà ọ̀gá kò lè sọ pé "èmi kọ́ ni mo ní kó purọ́," ọmọ tó ti dàgbà náà kò sì lè sọ pé "ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mo ti kọ́ ọ."

Agbára ojú yìí ń ṣiṣẹ́ fún rere pẹ̀lú. Ní Hudaibiya, ní ọdún kẹfà Hijira (628), Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí àwọn Sàhábà pa ẹran wọn kí wọ́n sì fá orí. Ìbànújẹ́ àdéhùn ọjọ́ náà ti mú wọn, kò sì sí ẹni tó dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀, Ummu Salama, ló gbà á nímọ̀ràn pé kí ó jáde, kí ó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ó pa ẹran tirẹ̀, kí ó sì pe ẹni tí yóò fá orí rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí i, gbogbo wọn dìde, wọ́n ń pa ẹran, wọ́n sì ń fá orí ara wọn. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kò gbé dìde ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú àbúrò tàbí ọmọ lọ kọ́ṣẹ́, ní Ládìpọ̀ tàbí níbikíbi, ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó san owó iṣẹ́. Ọjọ́ tí oníbàárà bá pọ̀ ló dára jù. Bí ọ̀gá bá bèèrè ohun tí ẹ ń wò, ẹ sọ fún un pé ohun tí ọmọ yín yóò máa wò lójoojúmọ́ fún odidi ọdún mẹ́rin ni.